Bàbá Ẹ̀ẹ̀kan àti Ẹsẹ̀ Ajá Kọmandáǹ

Ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kì í sunwọ̀n láàyè. Láti ìgbà tí Bàbá àgbà mi ti dákẹ́ ni àwọn èèyàn ti ń wá kí wa nílé wa ní Belleville, àdúgbò kan ní Bouaké, oríṣiríṣi ni mo sì ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní onísùúrù èèyàn ni. Wọ́n ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ọ̀kan tilẹ̀ ní ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Mò ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Bàbá àgbà tí èmi mọ̀ ò ní sùúrù, ó máa ń jà, bó bá sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láàárọ̀, Ìyá àgbà á rọra gbé àga rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé títí oòrùn á fi mú. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Mi ò fẹ́ kí á sin bàbá ẹlòmíràn dípò tèmi.

Làmídì ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀dọ́ ni nígbà tó tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí Bouaké, láyé tí fèrè ilé iṣẹ́ aṣọ Gonfreville ṣì ń jí gbogbo ìlú lójú oorun. Àwọn tí wọ́n jọ wá gba ọjà lọ, wọ́n ń ta aṣọ, wọ́n ń ta abọ́ àti ohun èlò kẹ̀kẹ́. Òun jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Àwọn Jula, tí èdè wọn gbòde nílùú náà, ń pè é ní Baba Anago, ìyẹn Bàbá Yorùbá. Àwa Yorùbá Bouaké ń pè é ní Bàbá Ẹ̀ẹ̀kan, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń wọn èèyàn.

Aránṣọ mìíràn á wọ̀n ọ́ lónìí, á ní kí o padà wá lọ́la kí òun tún un wọ̀n, á gé aṣọ, á tún pè ọ́ kí o wá gbé e wọ̀ wò. Bàbá àgbà ò ka irú wọn sí aránṣọ. Òun á yọ okùn ìwọ̀n lọ́rùn, á fi yí àyà rẹ ká, á fi yí ìbàdí rẹ ká, á fà á dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ, ó parí. Kò ní kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí oníbàárà kan tó bẹ̀ ẹ́ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wọ̀n, mo ti sanra láti ìgbà ààwẹ̀." Ó wo ọkùnrin náà láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ni Ọlọ́run dá ẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ni màá wọ̀n ẹ́."

Kò mọ sórí aṣọ. Nígbà tí wọ́n ń tún ibi àlùwàlá mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ṣe, òun ni wọ́n ní kó wọn ẹnu ọ̀nà. Káfíńtà kan ìlẹ̀kùn dé, ìlẹ̀kùn ò wọlé. Káfíńtà ní ìwọ̀n Bàbá ló tóbi jù. Alhaji Gàníyù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta aṣọ lọ́jà, bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn tún un wọ̀n kí ìjà lè parí. Bàbá kọ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà, títí wọ́n fi rí i pé ẹni tó rẹ́ ògiri ló fi sìmẹ́ńtì kún ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn tí Bàbá ti wọ̀n ọ́n tán. Mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó sọ fún káfíńtà pé, "Èmi ti wọ̀n ọ́n ní tèmi. Ògiri ni kí o lọ bá jà."

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ó jàre lọ́jọ́ náà, ó sì jàre lọ́pọ̀ ìgbà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wá. Ẹni tó máa ń jàre nígbà gbogbo kì í bojú wẹ̀yìn.

Rédíò pàápàá ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba Bouaké, tí ilẹ̀ yìí pín sí méjì, tí kọ̀rídọ̀, ibi tí ọmọ ogun ti ń dá èèyàn dúró yẹ̀ wò, kún gbogbo ọ̀nà, ó máa ń gbọ́ rédíò Àbíjàn láàárọ̀, á gbọ́ ti àwọn ọlọ̀tẹ̀ lọ́sàn-án, á sì bá méjèèjì jiyàn bí ẹni pé wọ́n jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo bi í léèrè èwo ló gbà gbọ́ nínú méjèèjì. "Bí méjèèjì bá pa irọ́ kan náà," ó ní, "òtítọ́ nìyẹn."

Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu sọ pé wọ́n fẹ́ràn èèyàn. Ọmọ lisé, ilé ìwé girama, ni mí nígbà náà. Àwọn olùkọ́ wa ti sá lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ yìí, wọ́n sì ti ilé ìwé wa pa. Síbẹ̀, nígbà tí àkókò ìwọlé tó, Bàbá rán yúnífọ́ọ̀mù mi bó ṣe ń rán an lọ́dọọdún, ẹ̀wù funfun àti síkẹ́ẹ̀tì búlúù, ó sì ṣẹ́ etí síkẹ́ẹ̀tì náà nípọn kí n lè máa dàgbà sí i. Mo gbé e dání, ẹkún ń gbọ̀n mí. Mo ní, "Bàbá, ibo ni kí n wọ̀ ọ́ lọ?" Kò gbójú sókè lórí ẹ̀rọ. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, aṣọ ti wà nílẹ̀. Ilé ìwé ló kù kó dé."

Báyìí ni mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí ò tó láti sọ irú ẹni tó jẹ́, bí mi ò bá sọ ti ajá kan, àti ti ọmọ ogun kan tí wọ́n ń pè ní Siaka, tí ẹ̀mí rẹ̀ so mọ́ okùn ìwọ̀n Bàbá.

Kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé Bàbá ò fẹ́ràn ajá. Mùsùlùmí tí kì í fi àlùwàlá ṣeré ni, itọ́ ajá ò sì gbọdọ̀ kan aṣọ rẹ̀. Bó bá rí ajá níwájú, á káṣọ mọ́ra, á bọ́ sí òdìkejì títì. Kì í lù ú, kì í sọ ọ́ lókò. Ó ní, "Èmi àti ajá ò jà. A kàn ń yẹra fún ara wa ni."

Iwájú ilé wa gan-an ni Kọmandáǹ àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó ń ṣàkóso àdúgbò wa ń gbé, nínú ilé ńlá tí ẹni tó ni ín ti sá fi sílẹ̀. Ìlẹ̀kùn ọgbà ilé náà ti bá ogun lọ, torí náà ohun gbogbo tó bá ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, àwa tá a wà lẹ́nu ọ̀nà wa ń rí i. Kọmandáǹ ní ajá kan, irú àwọn ajá òyìnbó tó máa ń ga bí ọmọ màlúù. Kò tíì pé ọdún kan, orí rẹ̀ sì ti tó ìkòkò. Jẹ́nẹ́rà ni wọ́n ń pè é. Ajá jẹ́ Jẹ́nẹ́rà, ẹni tó ni ín jẹ́ Kọmandáǹ, kò sì sí ẹni tó láyà láti rẹ́rìn-ín.

Siaka ló ń tọ́jú Jẹ́nẹ́rà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ìyá rẹ̀ ń gbin iṣu ní Diabo, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Bouaké. Ogun ló sọ ọ́ di ọmọ ogun, àmọ́ mi ò rí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ti okùn ajá. Ó ń wẹ ajá náà, ó ń se oúnjẹ fún un, wọ́n sì jọ ń sùn sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Bó bá ń kọjá, á kí Bàbá lédè Jula, Bàbá á dá a lóhùn, á sì káṣọ mọ́ra nítorí ajá.

Nígbà tó yá, Jẹ́nẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí tiro. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ti òsì. Kò fẹ́ gbé e lélẹ̀. Dókítà ẹran tó wà nílùú ti bá àwọn tó sá lọ. Ẹnìkan wá sọ fún Kọmandáǹ pé irú ajá ńlá bẹ́ẹ̀, nígbà tí egungun rẹ̀ bá ṣì ń dàgbà, bí èèyàn bá ta á nípàá, egungun ẹsẹ̀ náà lè dúró síbi tó wà, kí ìkejì máa gùn lọ. Kọmandáǹ rò ó, ó sì pinnu. Wọ́n á wọn ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí ti òsì bá kúrú, a jẹ́ pé ẹnìkan ló ta á nípàá, ta ló sì wà pẹ̀lú ajá náà tọ̀sán-tòru bí kò ṣe Siaka? Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ ogun tó bá ba ohun ọ̀gá jẹ́. A ti rí i tí wọ́n gbé ẹnìkan kọjá lójú títì yẹn rí, kò sì padà wá.

Siaka fúnra rẹ̀ ló dárúkọ Bàbá. Ó mọ̀ pé òun ò ta ajá náà nípàá, kò sì bẹ̀rù ìwọ̀n. Ó ní, "Ẹ pe Baba Anago. Ẹni yẹn kì í ṣìṣe."

Bàbá bọ́ ẹ̀wù òkè rẹ̀, ó fún mi mú, ó kọjá sí òdìkejì. Èmi àti Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, à ń wò. Ajá náà wà lórí ìdúró, Siaka di orí rẹ̀ mú, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá egungun ìbàdí rẹ̀ kàn pẹ̀lú àtàńpàkò, ó fa okùn ìwọ̀n gba orí itan kọjá orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́tùn-ún, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lósì, bó ṣe ń ṣe fún gbogbo ẹni tó wá rán ṣòkòtò. Ẹ̀ẹ̀kan. Ó dìde.

Ó ní, "Ti òsì kúrú. Ó tó ìbú ìka kan."

Siaka fi orí ajá sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun méjì dì í lápá mú lọ sí ẹ̀yìn ilé, Bàbá sì sọdá wá sílé, ó fọ ọwọ́, ó fọ okùn ìwọ̀n, ó sì lọ kírun ọ̀sán. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ti parí.

Lọ́jọ́ kejì ni ìyá Siaka dé láti Diabo. Mi ò mọ bó ṣe gba àwọn kọ̀rídọ̀ kọjá. Ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń bẹ Bàbá pé kó kàn sọ fún Kọmandáǹ pé kò dá òun lójú, pé ojú òun ti ń ṣe bàìbàì. Ẹ̀bẹ̀ yẹn ló bí Bàbá nínú jù. Ojú rẹ̀ kẹ̀? Ó ní kó dìde. Ó ní, "Ìyá, okùn ìwọ̀n ò létí tó fi ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀." Obìnrin náà dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó lọ jókòó sí abẹ́ igi kan lójú títì, níbi tó ti lè máa wo ilé Kọmandáǹ.

Ìyá àgbà ló gbé oúnjẹ lọ fún un. Nígbà tó padà wọlé, kò gbé àga rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé bó ṣe máa ń ṣe. Ó gbé e wá sí iwájú ẹ̀rọ Bàbá, ó jókòó, ó wò ó lójú. Mi ò rí kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, "Bàbá Ráfíù, egungun ajá lẹ wọ̀n. Ọmọ ọlọ́mọ lẹ gé."

Bàbá tẹ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń dún.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà padà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ṣòkòtò ni. Ọkùnrin ẹ̀yà Baoulé kan wà tó ti ń rán aṣọ lọ́dọ̀ Bàbá tipẹ́, Kouamé, òṣìṣẹ́ Gonfreville tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mọ́ nǹkan líle fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n tú u, itan ẹsẹ̀ náà ti rù, ó tínrín bí apá mi. Ó wá rán ṣòkòtò. Bàbá wọ̀n ọ́n, ó sọ ìwọ̀n náà jáde lẹ́nu bó ṣe máa ń ṣe: ẹsẹ̀ tó sanra, báyìí, ẹsẹ̀ tó rù, báyìí. Ti ẹsẹ̀ tó rù kéré díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ aṣọ, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó sì fàlà ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì ní gígùn kan náà.

Kouamé ń wò ó. Ó bi í lédè Jula pé, "Baba, ẹ ní ọ̀kan kúrú. Kí ló dé tí ẹ fàlà wọn dọ́gba?"

Bàbá ní, "Ìwọ ò kúrú lẹ́sẹ̀ kan. Ẹran ló lọ. Okùn á gorí itan tó kún, á sì gba orí èyí tó rù kọjá tààrà, ọ̀nà wọn ò ní jìn bákan náà. Aránṣọ tó bá torí ìyẹn gé ọ̀kan kúrú ò mọṣẹ́."

Ó sọ ọ́ tán, ó dá ọwọ́ dúró. Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fi kan aṣọ. Kouamé rò pé òun ti múnú bí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí tọrọ àforíjì. Mo rí ojú Bàbá. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò rí ìbẹ̀rù lójú yẹn rí. Ó yíjú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo bi í ní nǹkan.

"Ẹran ara ni mo wọ̀n," ó ní. "Àbẹ̀kẹ́, ẹran ara ni mo wọ̀n."

Ẹni tó bá ń wọn igi tàbí ilẹ̀ ò ní ṣe irú àṣìṣe yẹn. Aránṣọ ni yóò ṣe é, torí pé orí ẹran ni aṣọ ń gbé, orí ẹran ni okùn rẹ̀ ti ń rìn láti kékeré. Jẹ́nẹ́rà kì í gbé ara lé ẹsẹ̀ yẹn mọ́, itan rẹ̀ ti rù. Orí ìdúró ló sì wà, ó ká ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sókè, ó na ìkejì. Ohun tí Bàbá mọ̀ dájú lára èèyàn, ó gbàgbé rẹ̀ lára ajá, nítorí pé ó fẹ́ tètè kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó lọ bá Alhaji Gàníyù, mo tẹ̀ lé e. Alhaji gbọ́ ọ tán, ó ní kó fi í sílẹ̀. Ó ní àwọn tó gbé ìbọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ àṣìṣe, wọ́n á ní ìyá ọmọ náà ti wá rọ nǹkan sí i lọ́wọ́ ni, wọ́n á sì tì í mọ́lé pẹ̀lú Siaka. Ó wá ṣìpẹ̀ fún un, ó ní, "Làmídì, a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì."

Bàbá dáhùn pé, "Orí tèmi ló mì. Ọrùn ọmọ ẹlòmíì ló fẹ́ ṣẹ́."

Ilé káfíńtà tí wọ́n jọ jà lórí ìlẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí ló gbà lọ láti ibẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun ṣe nǹkan kan: rúlà onígi tó gùn, kó kan pákó kékeré kan mọ́ orí rẹ̀, kó fi òmíràn sí i tí yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀, irú èyí tí àwọn oníbàtà fi ń wọn àtẹ́lẹsẹ̀. Káfíńtà ṣe é. Nígbà tí a délé, Bàbá ní kí n dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Ó wọn egungun itan mi, ó wọn ojúgun mi, ọ̀tún àti òsì, tààrà láti eegun dé eegun. Ó tún un wọ̀n. Ó ní kí n yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó tún un wọ̀n. Ìyá àgbà jókòó, ó ń wò ó. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí Bàbá fẹ́ jáde, òun ló di bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ fún un.

Àwa mẹ́ta la jọ sọdá. Kọmandáǹ wà lábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀. Jula ni wọ́n sọ.

Bàbá ní, "Mo ṣìṣe. Ìwọ̀n tí mo wọ̀n fún ọ ò dára."

Kọmandáǹ wò ó, ó wò wá. "Vieux," ó ní, bí Faransé ṣe ń pe àgbàlagbà, "ta ló wá bá ọ?"

"Ìyá ọmọ náà wá. Mo lé e lọ. Ó ṣì wà lábẹ́ igi yẹn, o lè bi í. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ló gbé mi wá."

"Kí ló wá gbé ọ wá?"

"Àṣìṣe mi ni."

Kọmandáǹ rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín rere. "Gbogbo àdúgbò ní o kì í wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. O wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, o ṣìṣe. Kí ló dé tí màá fi gba ẹlẹ́ẹ̀kejì gbọ́?"

Mo rò pé ó parí nìyẹn. Bàbá na rúlà onígi náà sí i. Ó ní, "Má gbà mí gbọ́. Ìwọ ni kí o wọ̀n ọ́n."

Wọ́n mú Jẹ́nẹ́rà wá, wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Bàbá àgbà mi, tó ń sá fún ajá láti òdìkejì títì, kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mú ìka Kọmandáǹ, ó fi wá orí egungun tó yọ gọngọ níbi ìbàdí, ó fi kan ẹ̀gbẹ́ orúnkún, ó fi kan eegun ọrùn ẹsẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká orúnkún ajá náà bó ṣe yẹ kó ká, ó dì í mú. Kọmandáǹ wọn egungun itan, ó wọn ojúgun, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára rúlà. Wọ́n yí ajá náà padà, Bàbá sì ká ẹsẹ̀ kejì bákan náà gan-an. Ajá náà ń lá a lọ́wọ́, ó ń lá ẹ̀wù rẹ̀, Bàbá ò yẹra. Àmì bọ́ sórí àmì. Kọmandáǹ tún un ṣe, ó tún bọ́ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba.

Kọmandáǹ ní, "Kí ló wá dé tó fi ń tiro?"

"Mi ò mọ̀," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣẹ́ ẹ léegun."

Kọmandáǹ gbé rúlà lélẹ̀. Ó wá ní kí wọ́n lọ mú Siaka wá.

Àwọn ọmọ ogun méjì ló gbé e jáde. Wọ́n ti lù ú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kó lè jẹ́wọ́, nígbà tí kò sì jẹ́wọ́, wọ́n fi ìdí ìbọn gbá a lójúgun títí eegun fi ṣẹ́. Ẹsẹ̀ òsì. Ìyá rẹ̀ sáré wọlé látabẹ́ igi, ó gbá a mú. Wọ́n gbé e lọ sí Diabo lọ́jọ́ náà, ẹnìkan tó mọ eegun tò níbẹ̀ sì tò ó, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ó jinná ní kíkúrú. Ní ti Jẹ́nẹ́rà, kí oṣù tó parí, ó ń sáré káàkiri ọgbà láìsí ẹni tó ṣe é ní nǹkan kan. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé irú àwọn ajá ńlá wọ̀nyẹn máa ń ní ìrora eegun nígbà tí wọ́n bá ń dàgbà, tó jẹ́ pé fúnra rẹ̀ ló ń lọ.

Ní àdúgbò wa, àwọn èèyàn ń yin Bàbá. Wọ́n ní ó gba ọmọ kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú. Bó bá gbọ́ ọ, á bínú. Ó lé ẹnìkan jáde ní ṣọ́ọ̀bù nítorí ẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ti èèyàn sí kànga, tó tún fà á jáde, ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó kà fún un, ti fífà nìkan?"

Lọ́dọọdún, bí Iléyá bá ku díẹ̀, Siaka á ti Diabo wá rán ṣòkòtò. Bàbá á kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, á wọn ẹsẹ̀ kan, á wọn ìkejì, á tún wọn méjèèjì. Ṣòkòtò Siaka nìkan ló máa ń fàlà rẹ̀ lọ́nà méjì tí kò dọ́gba. Kí ó tó dìde, á sọ ọ́ lédè Jula, lóhùn tí kò ròkè rárá: "Siaka, foríjì mí." Siaka kì í dá a lóhùn. Á wo ibòmíràn, á ní, "Baba, ẹ má jẹ́ kó fún mi jù níbàdí." Mo rò pé ìkórìíra ni. Ó máa ń dùn mí, mo sì máa ń fẹ́ bá Siaka jà, ṣùgbọ́n Bàbá kọ̀ fún mi. Ó ní, "Tirẹ̀ ni. Kì í ṣe ohun tí a ń fipá gbà lọ́wọ́ èèyàn."

Níkẹyìn, ó kú sórí ẹní ìkírun rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, láìṣàìsàn. Ọdún náà, Iléyá ò tíì dé.

Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, lẹ́mọ́ọ̀mù ní bí Làmídì bá ṣẹ ẹnikẹ́ni níhìn-ín, kí onítọ̀hún foríjì í. Gbogbo èèyàn dáhùn pé àwọn ti foríjì í. Siaka wà lẹ́yìn, ó wọ ṣòkòtò tí Bàbá rán fún un gbẹ̀yìn. Mi ò rí kí ẹnu rẹ̀ mì. Nígbà tí wọ́n túká, mo lọ bá a, inú ń bí mi.

Mo ní, "Títí di òní?"

Ó wò mí. Ó ní, "Mi ò bínú sí i. Ìbínú ti tán nínú mi láti ọdún àkọ́kọ́. Bàbá tèmi kú kí n tó mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́lòmíì láyé yìí tó ń retí mi lọ́dọọdún. Mo rò pé bí mo bá sọ fún un pé mo ti foríjì í, kò ní retí mi mọ́."

A jọ rìn lọ síbi tí a sin Bàbá sí. Siaka jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyẹ̀pẹ̀ náà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, èyí tó gùn àti èyí tó kúrú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́: "Mo foríjì ọ́, Baba." Ó sọ ọ́, ó tún un sọ, ó tún un sọ, bí ẹni pé ó fẹ́ san gbogbo ti àwọn ọdún náà padà. Mo dúró tì í títí ó fi dákẹ́. Mi ò sọ fún un pé ó ti pẹ́.